Máìkì wo ló yẹ gìtá onígi àti fayolíìnì nínú yàrá kékeré?

OlókùnMẹ́fà | Ọjọ́ Ajé, 8:10 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ìrànlọ́wọ́ ni mo wá.

Gìtá onígi ni mo ń ta, èyí tí kò lo iná. Àbúrò mi obìnrin ló ń ta fayolíìnì. Ọdún méjì la fi ń fi fóònù gba ohùn wa sílẹ̀, kí n tó wá ra máìkì condenser olójú ńlá kan, irú èyí tí àwọn olórin máa ń dúró síwájú rẹ̀, pẹ̀lú àpótí interface oníhò méjì tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo rò pé ìṣòro ti tán. Kò tán.

Mo gbé máìkì náà síwájú ihò gìtá gan-an, àlàfo àárín wọn kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ohun tí mo gbọ́ nínú hẹ́dífóònù ni ìró kan tó ń kù bùù nísàlẹ̀, tó bo gbogbo iṣẹ́ tí ìka mi ń ṣe lórí àwọn okùn tín-ín-rín. Ti fayolíìnì tún burú jù. Ó ń gún etí bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ìṣó ha páànù, bẹ́ẹ̀ tí àbúrò mi bá ń ta á lójú mi, ohùn rẹ̀ dùn, ó sì rọ̀.

Yàrá tí à ń lò kéré, táìlì ni ilẹ̀ rẹ̀, kò sí nǹkan kan lára ògiri. Owó tí mo kó jọ lè ra máìkì gidi kan, tàbí méjì tó mọ níwọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra SM57, máìkì dynamic ti ilé iṣẹ́ Shure, kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹlòmíràn ní ribbon ni, irú máìkì tí bébà irin fẹ́lẹ́ ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Èwo ni kí n gbà?

Atọ́wáyàṣe | Ọjọ́ Ajé, 8:32 alẹ́

Ra SM57, ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́. Láti 1965 ni Shure ti gbé e jáde, títí dòní ni wọ́n ṣì ń ṣe é. Ó ti já bọ́ lọ́wọ́ mi àìmọye ìgbà, kò kú. Condenser ń gbọ́ ohun gbogbo, títí kan èémí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Dynamic, irú máìkì tí SM57 jẹ́, kì í gbọ́ yàrá. Òun ló yẹ ilé olótáìlì.

YàráKékeré | Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kò sí ohun tó ṣe máìkì yín, ibi tí ẹ gbé e sí ni kò dáa.

Ihò gìtá kì í ṣe ẹnu tí gbogbo ohùn ń gbà jáde. Afẹ́fẹ́ inú àpótí gìtá ló ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń mí, mímí náà sì ní ìró tirẹ̀, tó máa ń wà ní sàkáání hertz 100 (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lára ọ̀pọ̀ gìtá. Okùn karùn-ún, bí ẹ kò bá tẹ ìka kankan mọ́ ọn, hertz 110 ni. Ẹ rí i pé ìró rẹ̀ àti mímí ihò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, ìdí nìyẹn tí àwọn ìró kan fi ń fò jáde ju àwọn yòókù lọ. Ohun kejì ni pé gbogbo máìkì tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ ló máa ń fi ìró ìsàlẹ̀ kún ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn jù. Ẹ̀yin wá gbé e síwájú ihò, ẹ tún sún un mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ pe bùù yẹn.

Ẹ gbìyànjú èyí lálẹ́ òní. Ẹ gbé máìkì sí ọ̀kánkán fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, kó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ojú rẹ̀ kọ sí ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé àpótí. Bí ó bá ṣì wúwo, ẹ sún un sí ìhà orí gìtá díẹ̀. Bí ó bá tín-ín-rín jù, ẹ rọra yí ojú rẹ̀ padà sí ihò, kí ìdúró rẹ̀ má yí.

Ẹ tẹ́ aṣọ nípọn sórí táìlì, kí ẹ sì na fóòmù ibùsùn ró sí ẹ̀yìn ẹni tó ń ta gìtá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe ẹ̀yìn máìkì, torí ẹ̀yìn ẹni náà ni máìkì ń wò.

Fún fayolíìnì, kí àbúrò yín máa ta á, kí ẹ̀yin fi ọwọ́ dí etí kan, kí ẹ máa fi etí kejì rìn yí i ká. Etí méjì máa ń tan èèyàn jẹ níbi báyìí, ọpọlọ ti mọ bó ṣe ń fi wọ́n yọ ariwo yàrá kúrò. Máìkì kan ṣoṣo kò ní ọpọlọ yẹn. Ibi tó bá ti dùn mọ́ etí kan ni kí ẹ gbé máìkì sí.

Bàbá Dùùrù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ohùn dùùrù, gìtá àti ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́.

Mo fara mọ́ YàráKékeré lórí ibi tó yẹ kí máìkì wà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe é bíi pé gbogbo máìkì rí bákan náà. Wọn ò rí bákan náà, pàápàá lórí ohun èlò tí ohùn rẹ̀ kò lágbára tí ó sì kún fún ìró wẹ́wẹ́.

Nínú dynamic, awọ tó ń gbọ̀n ru wáyà wíwé lórí. Ẹrù ni wáyà yẹn. Ohùn gbọ́dọ̀ ti awọ àti ẹrù rẹ̀ pọ̀. Fún ìlù líle tàbí ẹ̀rọ gìtá oníná tó ń ké, kò sí ìyọnu. Fún ìka tó ń fọwọ́ kan okùn jẹ́jẹ́, púpọ̀ nínú ìró òkè á ti rọ̀ kó tó dé wáyà. Ìwé tí Shure kọ fún SM57 fúnra rẹ̀ ní láti hertz 40 dé 15,000 ni ó ń gbọ́.

Agbára tó ń jáde tún kéré. Bí ohùn kan náà bá kan SM57 àti condenser kékeré bíi NT5 ti RØDE, ìyàtọ̀ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí interface tó decibel 18 (decibel ni a fi ń wọn agbára ohùn). Ìwọ á wá ṣí gain, bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn máìkì sókè, títí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, interface olówó pọ́ọ́kú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe “ṣííì” lábẹ́ gìtá rẹ. Ẹni tó ń fi ike pick ta gìtá kíkan kò ní gbọ́ ọ. Ẹni tó ń fi ìka ta á jẹ́jẹ́ yóò gbọ́ ọ.

Condenser kò ru wáyà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló dojú kọ irin, iná ló wà láàárín wọn, gbígbọ̀n awọ ló ń yí iná náà padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń tẹ bọ́tìnnì fóltì 48. Ilé iṣẹ́ Neumann ló kọ́kọ́ fi fóltì 48 yẹn ṣiṣẹ́ lára máìkì KM 84 ní 1966, ilé iṣẹ́ rédíò Norway ni wọ́n sì ṣe é fún. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ condenser ló ń gbé àpótí iná tirẹ̀ kiri.

Èwo wá ni olójú ńlá, èwo ni olójú kékeré? Olójú ńlá, èyí tí awọ rẹ̀ tóbi, máa ń dákẹ́ jù, ariwo ara rẹ̀ kéré. Àwọn kan wà lábẹ́ decibel 8, nígbà tí ọ̀pọ̀ olójú kékeré wà ní nǹkan bíi 15. Ṣùgbọ́n ohùn tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọ olójú ńlá máa ń yí àwọ̀ padà, ìró òkè rẹ̀ á ṣú. Olójú kékeré máa ń gbọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ iwájú, ó kàn ń gbọ́ ọ kéré ni. Ohun èlò onígi kì í fi ojú kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ikùn rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, ọrùn rẹ̀, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, yàrá sì ń dá wọn lóhùn láti ẹ̀gbẹ́. Torí èyí ni èmi fi máa ń mú olójú kékeré fún gìtá, dùùrù àti fayolíìnì, tí mo sì máa ń fi olójú ńlá sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọrin.

Bí owó bá tó méjì, ra olójú kékeré méjì tí wọ́n yàn bí ìbejì. Ìmọ̀ràn tèmi nìyẹn.

Atọ́wáyàṣe | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Mo gbà lórí gain, bàbá. Èmi kì í ta gìtá jẹ́jẹ́, bóyá ohun tó jẹ́ kí n gbàgbé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ yàrá. Dynamic kì í gbọ́ yàrá tó condenser, ojú mi ló ṣe.

Bàbá Dùùrù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:52 àárọ̀

Ohun tí o rí jẹ́ òótọ́, ìdí tí o fún un ni mi ò fara mọ́. Dynamic, a máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun èlò. Condenser, a máa ń gbé e jìnnà. Bí ohun èlò bá sún mọ́ máìkì, ó bo yàrá mọ́lẹ̀. Ìsúnmọ́ ló ṣe é. Gbé àwọn méjèèjì tí ìgbọ́ràn wọn jọra sí sẹ̀ǹtímítà 30 kan náà, fi gain mú ohùn gìtá wọn dọ́gba, kí o wá fetí sí yàrá. Ìwọ̀n yàrá tí wàá gbọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Condenser á kàn fi ìró òkè yàrá náà hàn kedere jù.

Atọ́wáyàṣe | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́

Mo ti dán an wò. Mo gbé SM57 àti condenser olójú kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo sì mú wọn dọ́gba. Òótọ́ ni bàbá sọ. Àtẹ́wọ́ tí mo pa dún padà láti ara ògiri nínú méjèèjì, ti condenser kàn mú ṣáṣá ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ ka èyí mọ́ ọn.

OkùnMẹ́rin | Ọjọ́rú, 12:20 ọ̀sán

Fayolíìnì ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn ribbon.

Ó dàbí pé gìtá nìkan lẹ̀ ń sọ. Fayolíìnì kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn tó nípọn jù lára rẹ̀, hertz 196 ló ti bẹ̀rẹ̀, kò ní bùù kankan láti fi dẹ́rù ba yín. Òkè ni ogun rẹ̀ wà. Ọrun tó ń ha okùn ń sọ ohun tó pọ̀, etí tó bá wà nítòsí rẹ̀ nìkan ló sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ orin níwájú olórin kò gbọ́ fífà yẹn rí, afẹ́fẹ́ àti àlàfo ti bá a rọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ condenser ni wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìró òkè wọn sókè díẹ̀ kí ohùn ẹni tó ń kọrin lè mọ́. Fi irú rẹ̀ síwájú fayolíìnì, ìṣó lórí páànù lo máa gbọ́.

Ribbon ní tirẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀wọ̀ ni lójú mi. Bébà irin tó fẹ́lẹ́ ju irun lọ ló rọ̀ sáàárín òòfà méjì, ìró òkè rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀ wẹ́rẹ́. Mo gbé temi sókè orí ohun èlò, ó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 80, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ara mi nínú rẹ̀, ó ṣe mí bíi pé mo jókòó sí iwájú ara mi. Mi ò tíì gbàgbé ọjọ́ náà.

Ó ní ohun tó ń béèrè o. Ribbon ń gbọ́ iwájú àti ẹ̀yìn bákan náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló dití. Bí àjà yàrá yín bá rẹlẹ̀, ohun tó bá kan àjà á gba ẹ̀yìn wọlé. Agbára tó ń jáde lára rẹ̀ sì kéré bíi ti dynamic, ohun tí bàbá sọ lórí gain kàn án.

Ọ̀dọ́Onígòjé | Ọjọ́rú, 12:41 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹnìkan sọ fún mi pé bí mo bá ṣèèṣì tẹ fóltì 48 nígbà tí ribbon wà lára rẹ̀, ó ti jóná nìyẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mi ò fi rà á.

Atọ́wáyàṣe | Ọjọ́rú, 1:10 ọ̀sán

Èyí ni mo mọ̀ dáadáa, iṣẹ́ mi ni. Fóltì 48 ń gba wáyà méjì lọ pa pọ̀, ìwọ̀n kan náà lórí méjèèjì. Bí wáyà yín bá pé, ribbon kò rí ìyàtọ̀ láàárín wọn, kò sí iná tó kọjá lára rẹ̀. Ibi tí ewu wà ni wáyà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti já tàbí tí ó kan òmíràn, àti kíkì í bọ ihò nígbà tí iná ti wà lórí, torí ẹsẹ̀ kan lè fọwọ́ kan iná ṣáájú èkejì. Nígbà yẹn ni bébà á fò, tó bá sì ti nà, ó ti nà. Méjì ti gba ọwọ́ mi kọjá, wáyà ló pa méjèèjì. Kí o dán wáyà rẹ wò kí o tó fi sí i. Àwọn ribbon kan tún wà tí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ kékeré sínú wọn, àwọn yẹn ń fẹ́ fóltì 48, wọn ò ní ṣiṣẹ́ láìsí i. Ka ìwé tó bá tìrẹ wá.

OríÌtàgé | Ọjọ́rú, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ dákun, ṣé nínú yàrá nìkan lẹ fẹ́ lò ó? Bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti gbé e lọ síwájú èrò, gbogbo ohun tí wọ́n sọ yìí yí padà. Máìkì tó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí gìtá lórí ìtàgé, tí agbọ́hùnsókè wà nítòsí, wíìì lẹ máa gbọ́. Ìtàgé ń fẹ́ ìsúnmọ́. Èmi máa ń fi máìkì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ara ohun èlò, DPA 4099 ni tèmi, ó ní ìdè fún fayolíìnì, ó ní fún gìtá. Bí ariwo orí ìtàgé bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ agbóhùn tó wà lábẹ́ egungun okùn gìtá ni mo máa ń gbára lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ gbẹ.

Ẹ má ra ohun kan ṣoṣo kí ẹ sì retí pé kó ṣe méjèèjì.

OlókùnMẹ́fà | Ọjọ́bọ̀, 10:30 alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, látọkànwá. Nínú yàrá nìkan ni, ẹ̀gbọ́n OríÌtàgé, a kò tíì dé iwájú èrò.

Mo ti ṣe ohun tí YàráKékeré sọ. Fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, sẹ̀ǹtímítà 30, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì nílẹ̀, fóòmù lẹ́yìn mi. Bùù yẹn lọ! Mo gbọ́ okùn kìn-ín-ní mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti ra máìkì yìí. Mo pa fáànù, mo sì rí i pé ìdajì ohun tí mo ń pè ní “ariwo máìkì” fáànù ni.

Fayolíìnì ni kò tíì yanjú. Mo gbé máìkì sókè bí OkùnMẹ́rin ṣe gbé tirẹ̀, mo da orí rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀ kó máa wo fayolíìnì. Kò gún etí mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wá dàbí ẹni tó ń ta á nínú kànga. Ó jìnnà, ó ṣú. Mo mú un wálẹ̀ títí dé ìdajì mítà, ó ṣì rí bẹ́ẹ̀. Ṣé olójú ńlá tí bàbá sọ nìyẹn?

Ìyá Onífèrè | Ọjọ́ Ẹtì, 5:55 àárọ̀

Ọmọ mi, báwo lo ṣe ní o da orí rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀? Ṣé ṣóńṣó orí máìkì ló ń wo fayolíìnì, bí ìgbà tí èèyàn di máìkì olórin mú?

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, máìkì rẹ kò kọjú sí fayolíìnì rárá. Ọ̀pọ̀ condenser olójú ńlá, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ràn. Awọ inú rẹ̀ dúró gbọnrangandan, ojú rẹ̀ sì ni ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n sábà máa ń kọ àmì tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ sí. Ohun tó bá gba orí wọlé ti kúrò lójú rẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì 90, máìkì onírísí ọkàn (èyí tó ń gbọ́ iwájú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dití) á sì gbọ́ ọ kéré ní decibel 6, ìró òkè rẹ̀ á tún ṣú bí Bàbá Dùùrù ṣe ṣàlàyé. Níbẹ̀ yẹn, àjà àti ògiri lo fi ojú máìkì wò. Kànga rẹ nìyẹn.

Dá a dúró, kí ẹ̀gbẹ́ tó ní àmì wo fayolíìnì láti òkè ní ìdàgẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, torí pé kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Fèrè ni mo ń fọn. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ láti ọjọ́ Ajé, máìkì tó ń gbọ́ apá kan ni. Irú kan wà tó ń gbọ́ yíká, omni ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba ẹni tí yàrá rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀bùn kan tí kò sí lára àwọn yòókù: bó ti wù kí ẹ sún un mọ́ ohun èlò tó, kì í fi ìró ìsàlẹ̀ kún un. Nítorí náà ẹ lè sún un mọ́ ọn kí ohun èlò bo yàrá. Fèrè kì í fi ẹnu nìkan dún, àwọn ihò tí ìka ń ṣí náà ń dún. Bí mo bá gbé máìkì síwájú ẹnu mi, ẹ̀fúùfù nìkan ni mò ń gbà. Mo máa ń gbé omni sókè díẹ̀ sí àárín fèrè, ẹ̀fúùfù á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rí mi náà dé orí gìtá: ọmọ mi fi omni kan náà sí sẹ̀ǹtímítà 15, ó dára.

OlókùnMẹ́fà | Ọjọ́ Ẹtì, 8:40 àárọ̀

Ìyá, ṣóńṣó orí ló ń wò ó lóòótọ́. Mo ti yí i. Àbúrò mi ta ohun tó ta lánàá, kò yí nǹkan kan padà, ó sì dà bí ohun èlò mìíràn. Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ó kù ibì kan: a fẹ́ ta á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Máìkì kan ni tàbí méjì?

YàráKékeré | Ọjọ́ Ẹtì, 1:15 ọ̀sán

Méjì, kí ẹ sì ṣọ́ òfin ìlọ́po mẹ́ta. Bí máìkì gìtá bá jìnnà sí gìtá ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí máìkì fayolíìnì jìnnà sí ti gìtá ní 90, ó kéré tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn gìtá á dé inú méjèèjì ní àkókò tó yàtọ̀, wọ́n á sì máa jẹ ara wọn.

Bàbá Dùùrù | Ọjọ́ Ẹtì, 3:37 ọ̀sán

Ìlọ́po mẹ́ta dára fún ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òfin. Bí fayolíìnì bá lágbára ju gìtá lọ, ó sì lágbára jù ú lọ, ìlọ́po mẹ́ta kò ní tó fún máìkì gìtá. Ibi tí máìkì dití sí ni kí ẹ lò. Onírísí ọkàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló dití. Kí ẹ jókòó kọjú síra, kí ẹ̀yìn máìkì kọ̀ọ̀kan kọ sí ohun èlò kejì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á, ẹ da méjèèjì pọ̀ sí mono, ìyẹn ohùn kan ṣoṣo, kí ẹ yí polarity ọ̀kan padà, ìyẹn ni pé kí ẹ yí ìgbì ohùn rẹ̀ sódì. Ibi tí ìró ìsàlẹ̀ gìtá bá ti kún jù ni kí ẹ fi í sí.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí ohùn ga jù nígbà tí ẹ bá ń gbà á. Bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà gbà á ní bit 24, kí ibi tó ga jù wà ní nǹkan bíi decibel 12 sí ìsàlẹ̀ òdo, tí í ṣe òpin tí ohùn lè dé.

OkùnMẹ́rin | Ọjọ́ Ẹtì, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Èmi á ní máìkì kan. Ẹ gbé èyí tí ẹ ní sáàárín, kí gìtá sún mọ́ ọn, kí fayolíìnì sún sẹ́yìn, kí ẹ máa gbà á, kí ẹ máa gbọ́ ọ, kí ẹ máa sún títí yóò fi dọ́gba. Bí fayolíìnì bá ṣe ìlọ́po méjì àlàfo rẹ̀, decibel 6 ló máa ń dínkù níbi tí yàrá kò bá dá sí i. Kò sí ìjà kankan láàárín máìkì méjì, torí kò sí méjì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ kò ní lè tún un ṣe tó bá yá. Ẹ gbọ́dọ̀ ta á dáadáa papọ̀.

OlókùnMẹ́fà | Ọjọ́ Àìkú, 9:02 alẹ́

A ṣe ti OkùnMẹ́rin lánàá. Ó gba wa ní wákàtí méjì kí ibi ìjókòó tó dára, àbúrò mi sún sẹ́yìn tó mítà kan ààbọ̀, èmi wà ní sẹ̀ǹtímítà 50. A fi àmì sílẹ̀ lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì kí a lè padà síbẹ̀. Ìyá wa gbọ́ ọ, ó béèrè pé níbo la ti lọ gbà á sílẹ̀.

Mo ti pinnu. Condenser olójú kékeré méjì ìbejì bí Bàbá Dùùrù ṣe sọ ni mo máa rà, ìgbà tí a bá ti fi èyí tí a ní kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ribbon wà lọ́kàn mi fún àbúrò mi lọ́jọ́ iwájú. Ṣé ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ máa ṣe kí wọ́n lè pẹ́?

Atọ́wáyàṣe | Ọjọ́ Àìkú, 9:48 alẹ́

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá condenser. Tí o bá ti lò ó tán, má fi í sílẹ̀ lórí ìdúró rẹ̀. Fi í sínú àpótí rẹ̀, kí o sọ àpò kékeré sílíkà gẹ̀lì méjì, tó ń fa ọ̀rinrin, sí i, kí o máa pààrọ̀ wọn. Bí ó bá ń ta pàà-pàà-pàà nígbà ọ̀rinrin, kò tíì bàjẹ́, fi í síbi gbígbẹ kó dúró níbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Kí o tó yọ wáyà, pa fóltì 48, kí o sì dúró díẹ̀ kí iná inú rẹ̀ tán. Yí ohùn hẹ́dífóònù sílẹ̀ kí o tó tan án padà.